Ọ̀nà wo ni mo lè gbà fi ìwé ilẹ̀ ránṣẹ́ sí London tí ojú ẹlòmíì ò ní tó o?

Àríkẹ́_Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ibí. A fẹ́ pín ilẹ̀ bàbá wa ní Mọ́níyà, bọ̀ọ̀dá mi tó wà ní London sì ní àwọn fẹ́ rí gbogbo ìwé ẹ̀ káwọn tó fọwọ́ sí nǹkankan. Mo ti síkáànù survey plan, rìsíìtì, NIN gbogbo àwa ọmọ, fídíò tá a fi yí ilẹ̀ náà ká sì wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ ń lọ sí 3GB. Àwọn oníkafé àdúgbò ní kí n gbé e wá káwọn bá mi fi ránṣẹ́, ọkàn mi ò gbà á rárá, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe rí nílùú yìí. Google Drive ni mo ń lò àmọ́ àbúrò mi ní Google lè ṣí ohun tó wà níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n lò tí kò ní gbowó?

Kọ́lá_Kọ̀ǹpútà
Òótọ́ ni. Google máa ń ti fáìlì yín pa lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà, tí kóòtù bá pàṣẹ wọ́n á ṣí i. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni end-to-end, ìyẹn ni pé orí fóònù yín ni fáìlì ti máa tì kó tó jáde, ẹni tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí nìkan ló lè ṣí i. Ẹ wo Proton Drive, ó jọ Google Drive àmọ́ end-to-end ni tiẹ̀, Switzerland ni wọ́n wà. Ẹ lè fi pásíwọ̀ọ̀dù sí línkì, bọ̀ọ̀dá yín ò sì nílò àkáǹtì kí wọ́n tó ṣí i.

Ìyá_Bíọ́lá
WhatsApp ńkọ́? Láti 2016 ló ti ń ti ọ̀rọ̀ pa, ó sì ń gba fáìlì tó tó 2GB báyìí. Ẹ mú Document o, ẹ má mú fọ́tò, torí tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò ó máa ń fún un pọ̀, nọ́ńbà ara survey ò ní hàn dáadáa. Ẹ yẹ bákọ́ọ̀pù, ìyẹn ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yín tí WhatsApp ń tọ́jú pa mọ́, wò náà: tẹ́ ẹ ò bá tan end-to-end encrypted backup fúnra yín, èyí tó ń lọ sí Google Drive ò tì bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbá
Témi o, ẹ má gbára lé ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Firefox Send tí wọ́n fi ń fi fáìlì ránṣẹ́ dáa gan-an, 2019 ni wọ́n gbé e jáde, 2020 ni wọ́n pa á torí àwọn oníjìbìtì ń fi pín fáírọ́ọ̀sì. Ẹ fúnra yín ti fáìlì yẹn pa kẹ́ ẹ tó gbé e síbikíbi. Ẹ wa 7-Zip, áàpù tó máa ń di fáìlì pọ̀ sójú kan, sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ mú 7z níbi tó ti ní kẹ́ ẹ mú irú fáìlì, ẹ tẹ pásíwọ̀ọ̀dù, ẹ wá máàkì "Encrypt file names", torí tẹ́ ẹ ò bá máàkì ìyẹn, ẹni tí ò lè ṣí i náà á ṣì máa rí "NIN Bọ̀ọ̀dá.pdf" kà. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè jù ú sórí Google Drive yín, kò séwu. Ẹ pe bọ̀ọ̀dá lórí fóònù kẹ́ ẹ sọ pásíwọ̀ọ̀dù fún wọn, ẹ má kọ ọ́ síbi tí línkì wà. Ẹ lè fi ọ̀rọ̀ Yorùbá bíi márùn-ún tí kò bára tan ṣe é, àmọ́ ẹ má fi àmì sí i o, kíbọ́ọ̀dù tiwọn lè má ní ọ̀ tàbí ẹ̀.

Kọ́lá_Kọ̀ǹpútà
@Ọmọ_Ẹ̀gbá mo gbà. Tí fóònù ni bọ̀ọ̀dá fẹ́ fi ṣí i, áàpù ZArchiver máa ń ṣí 7z lórí Android. Ṣùgbọ́n Àríkẹ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi NIN gbogbo yín ṣe? Ohun tí wọn ò nílò, ẹ má fi ránṣẹ́ rárá.

Àríkẹ́_Ìbàdàn
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti pe wọ́n, survey àti rìsíìtì nìkan làwọn fẹ́ rí, mo ti yọ NIN kúrò nínú fódà yẹn. 7z ni màá fi ti ìwé, fídíò á gba WhatsApp lọ.