Èwo nínú kíríkẹ́ẹ̀tì ni kí n kọ́kọ́ fi han àwọn ọmọ yìí?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbarà, l'Ábẹ́òkúta, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kíríkẹ́ẹ̀tì nírọ̀lẹ́ Sátidé. Káfíńtà ló bá wa gbẹ́ igi tí a fi ń gbá a; bọ́ọ̀lù tẹníìsì tí a fi téèpù wé la ń lò. Látìgbà tí àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà ti na New Zealand ní Malaysia ní oṣù kìíní 2025 ni àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ yìí ò ti jẹ́ kí n sinmi.

Wọ́n fẹ́ ká jọ wo England nígbà tó bá tún lọ bá Australia lálejò. Dátà mi ò lè gbé gbogbo rẹ̀. Test, ìyẹn irú kíríkẹ́ẹ̀tì tó gùn jù, lè gba ọjọ́ márùn-ún, òru ló sì máa ń bọ́ sí nílé wa níbí. Ti over 50 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan (ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù nínú over kan) á gba odidi ọjọ́ kan. T20, ìyẹn ti over 20, ò ju bíi wákàtí mẹ́ta lọ, òun ni wọ́n sì ń pariwo.

Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tí kì í fi agbára gbá a. Á tẹ̀ síwájú díẹ̀, á rọra fi igi pa bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa jágbe mọ́ ọn pé, "Gbá a jáde!" Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ju igi sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Irú onísùúrù bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wá nínú Test! Mo fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọmọ rí, ṣé kí n fi T20 fa ojú wọn mọ́ra ná, àbí kí n wa Test díẹ̀ sórí fóònù fún wọn? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di Sátidé.