Okùn fáíbà nínú ara irin: ṣé ó lè sọ bí mọ́ọ̀dù ṣe gbóná tó?

Akẹ́kọ̀ọ́ Irin (Ilé-Ifẹ̀)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi gboyè dá lórí àwọn tó ń da ìkòkò alumíníọ́mù nílùú wa níbí. Mọ́ọ̀dù onírin ni mo ń ṣe fún wọn dípò ti iyẹ̀pẹ̀, mo sì fẹ́ mọ bí inú ara mọ́ọ̀dù náà ṣe ń gbóná ní ojú ibi mẹ́jọ, láti ìgbà tí wọ́n bá ti da alumíníọ́mù yíyọ́ sí i títí tí yóò fi dì. Olùkọ́ mi dá a lábàá pé kí n lo okùn fáíbà, okùn gíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí wọ́n fín ilà wẹ́wẹ́ sí nínú, èyí tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní fiber Bragg grating. Ṣùgbọ́n 660°C ni alumíníọ́mù ń yọ́. Ṣé okùn tí kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju irun orí lọ kò ní jóná? Ṣé kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin pinpin ni, àbí kí n jẹ́ kó wà láàyè ara rẹ̀?

Ìmọ́lẹ̀ Lọ́nà
Okùn náà fúnra rẹ̀, tí í ṣe gíláàsì silica, lè fara da ooru tó ju ti alumíníọ́mù yíyọ́ lọ. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un ni kò lágbára: acrylate, irú ike kan tó wọ́pọ̀ lára okùn íntánẹ́ẹ̀tì, ń bàjẹ́ ní nǹkan bíi 85°C, polyimide, ike mìíràn, lè dé 300°C, èyí tó bá sì ju ìyẹn lọ, bàbà tàbí wúrà ni wọ́n fi ń bò ó. (Ẹ̀yin ará Iléṣà tí wúrà wà nílẹ̀ yín, ẹ má tíì gbé ṣọ́bìrì o, ìwọ̀nba fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń lò.) Ilà tí wọ́n fín náà a máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀ bó bá pẹ́ nínú ooru líle, nítorí náà ẹ béèrè fún regenerated grating, ìyẹn ilà tí wọ́n ti fi ooru tún ṣe kó lè fara da ooru líle, bí mọ́ọ̀dù yín yóò bá gbóná gan-an.

Ojú ibi mẹ́jọ kò ṣòro. Ojú ilà kọ̀ọ̀kan ń dá ìgbì ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ nìkan padà, okùn kan ṣoṣo sì lè gba gbogbo wọn. Fún ìgbì tó jẹ́ nánómítà 1550, ìgbóná dígírì kan ń sún un ní nǹkan bíi píkómítà 10 (píkómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún nánómítà); bó ṣe sún tó ni a fi ń mọ bí ooru ṣe tó.

Baba Ìṣirò
Ìbéèrè kejì yẹn ló yẹ kó gba àkókò yín jù. Bí ìgbóná bá fi dígírì kan lé sí i, silica ń gùn ní ìdá 0.55 nínú mílíọ̀nù, irin ń gùn ní nǹkan bíi ìdá 12. Bí ẹ bá lẹ okùn mọ́ irin, irin yóò máa fà á dání, píkómítà 10 yẹn yóò sì di nǹkan bíi 24. Ìyẹn kò burú bó bá jẹ́ ooru nìkan ló ń fa irin. Àmọ́ mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi bóòtù dè, tí inú rẹ̀ gbóná ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, yóò tẹ̀, yóò sì fà. Bó bá fà ní ìdá 100 péré nínú mílíọ̀nù, ìgbì náà yóò sún ní píkómítà 120, ẹ̀yin yóò sì kà á sí nǹkan bíi 5°C tí kò sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ lu ihò, kí ẹ ki páìpù tín-ín-rín tí kì í dípẹtà bọ̀ ọ́, kí okùn wà nínú rẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo sì di okùn náà mú. Kí páìpù náà má fẹ̀ o, torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń dá ooru dúró, ìkòkò sì tètè ń dì.

Wẹ́dà Iléṣà
Ẹnu ihò ni okùn ti ń kán, kì í ṣe inú irin. Ẹ fi fáìlì yí etí ihò náà kó má mú, kí ẹ sì jẹ́ kí páìpù yọ síta díẹ̀ kí okùn tó tẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó irin nítòsí rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ki í bọ̀ ọ́.

Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n fún ojú ibi mẹ́jọ, thermocouple type K, ìyẹn wáyà méjì tí wọ́n so pọ̀ láti fi wọn ooru, yóò ṣe é ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ̀rọ tó ń ka ìmọ́lẹ̀ ló wọ́n, kì í ṣe okùn. Ibi tí iná ìléru oníná mànàmáná bá ti ń da wáyà láàmú ni fáíbà ti wúlò jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Irin (Ilé-Ifẹ̀)
Mo dúpẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀rọ tó ń ka ìmọ́lẹ̀ wà nílé ẹ̀kọ́ wa, nítorí náà n ó lo fáíbà nínú páìpù, n ó sì ki thermocouple méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Baba Ìṣirò, ẹ jọ̀ọ́, ṣé páìpù oní mílímítà kan kò ní fẹ̀ jù?

Baba Ìṣirò
Rárá, ìyẹn dára. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ dí pa.