Yàrá Màmá wa ní Òkè-Àró, nínú géèmù

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ipele géèmù, ìyẹn ibi tí ẹni tí ń ṣeré yóò máa rìn, fún ìgbà àkọ́kọ́ ni ó máa ń fi àwòṣe ilé ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àṣà yìí ti pẹ́: lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ id Software gbé géèmù Doom jáde ní ọdún 1993, tí àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ sì ṣe irinṣẹ́ tí a lè fi ya ipele tuntun, ilé tí wọ́n ń gbé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ yà. Doom ìgbà náà kò lè gbé yàrá kan lé orí òmíràn, nítorí náà ẹni tí ó bá ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò lè kọ́ ilé rẹ̀ parí níbẹ̀. Ilé ilẹ̀ ni tiwa ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n Godot, irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe géèmù, ni mo lò, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ẹyọ ìwọ̀n kan nínú rẹ̀ sì dúró fún mítà kan. Yàrá Màmá wa ni mo mú, torí pé kò sí èyí tí ẹrù kún tó o nínú ilé.

Mo fi téèpù káfíńtà wọn ohun gbogbo. Yàrá náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú àti 12 ní gígùn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 75. Bẹ́ẹ̀dì ti gba apá tí ó pọ̀ jù. Àwọn àpótí irin tí a tò léra wọn wà lẹ́bàá ògiri, èyí tí aṣọ òkè wà nínú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àlàfo tí ó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì àti àwọn àpótí náà kò ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ. Gbogbo wa ni a ń gba ibẹ̀ kọjá. A kàn ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn ni, a ó sì fa ikùn mọ́ra.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti le, nítorí pé ẹni tí ń rìn nínú géèmù kò ní ẹ̀gbẹ́. Ara tí Godot kọ́kọ́ ń gbé fún ènìyàn jẹ́ òpó róbótó kan, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà kan gbáko níbikíbi tí o bá ti wò ó. Irú ara bẹ́ẹ̀ kò lè gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé, ká má tilẹ̀ sọ ti àlàfo. Mo dín ìbú rẹ̀ kù sí sẹ̀ǹtímítà 60, ó sì wọlé, ṣùgbọ́n yàrá náà há mọ́ ọn ju bí ó ṣe ń há mọ́ àwa gidi lọ. Àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ yìí máa ń sọ ìdí rẹ̀: ojú wa ń rí ọ̀tún àti òsì láìyí orí, ṣùgbọ́n ojú géèmù kì í sábà fi ju nǹkan bí ìwọ̀n igun (digírì) 90 hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo wá fi ìdá kan nínú márùn-ún kún yàrá náà, mo gbé àjà sókè díẹ̀, mo sì fẹ ẹnu ọ̀nà. Rírìn rọrùn, àmọ́ yàrá náà di ti hòtẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe ti Màmá wa mọ́. Lójú tèmi, fífún ara mọ́ra yẹn gan-an ni yàrá náà. Nítorí náà mo dá àwọn àpótí padà sí ìtòsí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ṣètò rẹ̀ pé bí ẹni náà bá ti dé ibẹ̀, ìrìn rẹ̀ á falẹ̀, ojú rẹ̀ á yí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ara rẹ̀ á sì tín-ín-rín títí yóò fi kọjá.

Ti ògiri kò pẹ́. Ọjọ́ tí ìkùukùu bo oòrùn ni mo fi fóònù ya á, kí òjìji má bàa lẹ̀ mọ́ àwòrán, mo sì fi àwòrán náà bo ògiri inú géèmù. Ibi tí Màmá máa ń fẹ̀yìn tì gbàdúrà ní ìdájí ti dúdú nítorí òróró orí, ọ̀dà sì ti ń dán níbẹ̀. N kò nu ún kúrò.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n wá wò ó, wọn kò sọ ohunkóhun nípa ìbú yàrá. Ojú fèrèsé ni wọ́n kọrí sí tààrà.

"Igi ọsàn mi dà?"

N kò tíì kọ́ ìta, àwọ̀ eérú lásán ni ó wà níbẹ̀. Wọ́n tún yíjú sí àwọn àpótí.

"Ṣé gbogbo ayé ni ó máa wọ ibí yìí? Ta ni ó ní kí o gbé àpótí mi sí i?"

"Ẹ má bínú, Mà. Kò sí ẹni tí ó lè ṣí wọn."

Wọ́n tẹ gbogbo bọ́tìnì láti fi dán an wò kí wọ́n tó gbà. Mo ti gbé àwòrán igi ọsàn náà sí ẹ̀yìn fèrèsé báyìí. Ohun tí ó kù ni ilẹ̀kùn: inú yàrá ni ó ń ṣí sí, tí ẹnì kan bá sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ṣe ni ó máa ń tì í wọ inú ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ yàrá tí ó há báyìí, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe ṣe tiyín?