Ó ku mẹ́rin lórí tábìlì, mẹ́ta ni yóò gbowó: ṣé ó yẹ kí n gba all-in ẹni tí ṣíìpù rẹ̀ pọ̀ jù?

Ará Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ti jiyàn lé lórí títí, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì gbà fún ẹnì kejì. Ìdíje póókà Texas Hold'em kékeré kan ni, ní kàsínò kan níbí ní Leeds. Àwa mẹ́wàá la jókòó, oníkálukú dá £50, yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ tí kàsínò gbà, ẹ̀bùn tó wà nílẹ̀ sì jẹ́ £250 fún ipò kìíní, £150 fún ipò kejì àti £100 fún ipò kẹta. Ẹni tó bá ṣe ipò kẹrin kò ní gba kọ́bọ̀.

Ó ti ku àwa mẹ́rin nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi ní ṣíìpù 9,000, ẹni tó wà lọ́wọ́ òsì mi ní 5,000, èmi ní 4,000, ẹni tó kọjú sí mi sì ní 2,000 péré. Small blind jẹ́ 200, big blind jẹ́ 400 (ṣíìpù tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí a tó pín káàdì, tí ó sì ń yí kiri tábìlì), èmi ni mo sì wà ní big blind. Àwọn méjì ti da káàdì wọn nù, ni ọ̀gbẹ́ni ọlọ́pọ̀ ṣíìpù tó wà ní small blind bá ti gbogbo tirẹ̀ sí àárín tábìlì, èyí tí wọ́n ń pè ní all-in. Mo wo káàdì mi, mo rí ace àti jack tí àmì wọn kò bára mu. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo sì dà á nù. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ojo ni mí. Wọ́n ní ọkùnrin náà ti ń tì í bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti ku àwa márùn-ún, àti pé kò dájú pé ó tilẹ̀ ń wo káàdì rẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló jàre?

Jagunlabí

Ẹ má bínú o, àwọn ọ̀rẹ́ yín ló jàre. 400 yín ti wà nílẹ̀, 3,600 ni ẹ ó fi kún un láti du 8,000, ìyẹn 4,000 yín àti 4,000 tirẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá lè borí ní ìgbà 45 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ kò pàdánù ohunkóhun. Bí ọkùnrin yẹn bá sì ń ti káàdì èyíkéyìí tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ace àti jack yín á borí rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 64. Kí ni ẹ tún ń wá? Ẹni tó bá ń lé ipò kẹta, ipò kẹta náà ni yóò bá. Ẹ rántí Jack Straus ní World Series of Poker ọdún 1982: ṣíìpù kan ṣoṣo ló kù ú kù, síbẹ̀ òun ló gba ìdíje náà. Kò jókòó wo àwọn ẹlòmíràn kó tó gbà á.

Ìyá Ìbejì

Jagunlabí, ìṣirò yín pé, mi ò rí àléébù nínú rẹ̀, àfi pé ṣíìpù ni ẹ kà, ẹ kò ka owó. Bí ó bá jẹ́ póókà tí a ti ń ra ṣíìpù, tí a sì lè pààrọ̀ rẹ̀ padà sí owó nígbàkúùgbà tó bá wù wá ni, ẹjọ́ ì bá ti parí síbi tí ẹ parí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje, ẹni tó bá kó gbogbo 20,000 ṣíìpù kì í kó gbogbo £500. £250 ni yóò gbà, ìyókù á sì lọ sọ́dọ̀ àwọn méjì tí ṣíìpù wọn ti tán pátápátá. Ìdí nìyí tí ṣíìpù tó wà lọ́wọ́ ènìyàn fi níye lórí ju iye ṣíìpù kan náà tó ń dù lọ.

Ọ̀nà tí àwọn tó mọ eré yìí ń gbà wọn ìyàtọ̀ náà ni wọ́n ń pè ní ICM (Independent Chip Model). David Harville ló kọ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 1973 nítorí eré ìje ẹṣin, Mason Malmuth sì mú un wọ inú póókà ní 1987. Ohun tó sọ kò le. Ìpín ṣíìpù tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ni àǹfààní tó ní láti ṣe ipò kìíní. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó gbé ẹni tó ṣe ipò kìíní kúrò, ẹ ó wo ìpín ṣíìpù àwọn tó ṣẹ́kù láti mọ àǹfààní tí oníkálukú ní láti ṣe ipò kejì, ẹ ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ipò kẹta. Àǹfààní ipò kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó wá fi sọ owó ipò náà di púpọ̀, kí ẹ tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lọ́wọ́, iṣẹ́ ńlá ni, mi ò purọ́. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ṣe tèmi.

Èyí ni ohun tí mo rí fún Ará Leeds. Bí ẹ bá da káàdì nù, 3,600 ló kù yín kù, àwọn yòókù á ní 9,400, 5,000 àti 2,000, ṣíìpù yín sì dúró fún nǹkan bí £113. Bí ẹ bá gbà á tí ẹ sì borí, ẹ ó ní 8,000, èyí tó ju ìlọ́po méjì 3,600 lọ dáadáa, ṣùgbọ́n owó tó dúró fún un kò ju nǹkan bí £168 lọ. Bí ẹ bá gbà á tí ẹ sì pàdánù, ẹ ti ṣe ipò kẹrin nìyẹn, òfo ni. Ẹ fi 168 pín 113: ìgbà 67 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ gbọ́dọ̀ borí kí ó tó yẹ ní gbígbà, kì í ṣe 45.

Nítorí náà, bí ọkùnrin yẹn bá tilẹ̀ dijú ti káàdì rẹ̀, 64 tí Jagunlabí mẹ́nu bà kò tó. Ace àti king tí àmì wọn kò bára mu pàápàá kò tó, nítorí pé nǹkan bí 65 ni tirẹ̀. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti da ace àti king nù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ara mi a sì máa kọ̀ ọ́ lórí tábìlì, ṣùgbọ́n bí ìṣirò ṣe wí nìyẹn. 8 méjì ń borí káàdì èyíkéyìí ní nǹkan bí ìgbà 69, ẹ lè gbà á pẹ̀lú rẹ̀ bí ó bá dá yín lójú pé gbogbo káàdì ló ń tì. Bí ó bá ń yan káàdì díẹ̀, ẹ dúró de 10 méjì sókè. Ẹ kì í ṣe ojo.

Jagunlabí

Ìyá Ìbejì, mo gbà fún yín lórí iye yẹn. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ọlọ́pọ̀ ṣíìpù á kàn máa jẹ blind gbogbo ènìyàn ní àjẹgbé ni. Kí ni kí ẹni tó wà láàárín wá ṣe? Ṣé kí ó máa wòran títí blind á fi jẹ ẹ́ tán?

Ẹ̀gbọ́n Tábìlì

Kò ní máa wòran. Gbígbà all-in ẹlòmíràn àti títi tìrẹ kì í ṣe ohun kan náà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ẹni tó gbà á, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní láti jẹ: kí káàdì rẹ̀ borí. Ẹni tó tì í ní méjì, nítorí pé àwọn yòókù lè da káàdì nù kí ó sì kó ohun tó wà nílẹ̀ láìfi káàdì hàn. Àbúrò, bí o ti da ace àti jack yẹn nù tán, wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ìwọ ni yóò wà ní small blind, ẹni tó ní 5,000 ni yóò wà ní big blind. Bí àwọn méjì tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bá ti da tiwọn nù, ti 3,600 rẹ síwájú, má sì dúró de káàdì ńlá. Ẹni tó ní 5,000 yẹn wà nínú ìhámọ́ kan náà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú rẹ̀: bí ó bá gbà á tó sì pàdánù, 1,400 ló kù fún un, òun ló wá kéré jù lórí tábìlì. Káàdì tó dára gan-an nìkan ni yóò fi gbà á. Ẹni tí kò fẹ́ jáde ṣáájú ẹlòmíràn ni kí o máa tì lójú, kì í ṣe ẹni tó lè lé ọ jáde kí ó má sì mọ̀ ọ́n lára.

Ohun kejì ni pé ICM kò rí ibi tí blind wà. Ìṣirò náà ka ṣíìpù nìkan. Kò mọ ẹni tí blind fẹ́ dé bá, kò sì mọ ẹni tó gbọ́n ju ẹnì kejì lọ. Ẹni tó ní 2,000 yẹn ni yóò wà ní big blind ní ìgbà kejì tí wọ́n bá tún pín káàdì, yóò sì san small blind ní ìgbà kẹta. 600 ti fẹ́ kúrò nínú 2,000 rẹ̀, nígbà tí ìwọ kò ní san ju 200 lọ kí big blind tó tún kàn ọ́. Ìyẹn tún fi kún ìdí tí dída káàdì yẹn nù fi tọ́.

Ṣùgbọ́n má ṣe sọ ọ́ di òfin. Ká ní ìwọ lo ní 2,000, tí ẹni tó kọjú sí ọ sì ní 4,000, nǹkan bí ìgbà 52 nínú ọgọ́rùn-ún ni o nílò láti borí. Ace àti jack kan náà, lórí tábìlì kan náà, gbà á kíákíá.

Ní ti Straus, ẹni tí kò tíì jáde ni ìtàn rẹ̀ wà fún. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni láti jáde ní ipò kẹrin.

Ọmọ Brooklyn

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ìdíje kan wà tí ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì láti wọ ìdíje ńlá, tí gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì náà sì dọ́gba. Irú ìdíje orí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ni Chris Moneymaker fi $86 wọ̀, kí ó tó gba World Series of Poker ọdún 2003 àti $2,500,000. Níbẹ̀, ẹni tó ṣe ìkíní kò gbà ju ẹni tó gba tíkẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn lọ. Bí ó bá ku kí ẹnì kan péré jáde kí tíkẹ́ẹ̀tì tó kárí gbogbo yín, tí ṣíìpù yín sì pọ̀ tó láti dúró, ace méjì pàápàá ṣeé dà nù bí ọlọ́pọ̀ ṣíìpù bá ti tirẹ̀.

Ará Leeds

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Ìyá Ìbejì tó fara balẹ̀ ṣírò rẹ̀. Ẹ gbà mí láàyè kí n tún béèrè ọ̀kan sí i. Ẹni tó ní 2,000 ló padà jáde ní ipò kẹrin. Nígbà tí ó ku àwa mẹ́ta, ọ̀gbẹ́ni ọ̀hún ní 10,000, ẹnì kejì ní 6,000, èmi ní 4,000. Ló bá ní kí a dá eré dúró, kí a pín £500 bí ṣíìpù oníkálukú ṣe pọ̀ sí. Ẹnì kejì ti fẹ́ gbà, èmi ni mo kọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń pín in ní tòótọ́?

Ìyá Ìbejì

Ó ṣe dáadáa tí ẹ kọ̀. Bí ẹ bá pín £500 ní ìwọ̀n ṣíìpù, ọ̀gbẹ́ni á gba £250, ẹnì kejì £150, ẹ̀yin £100. Ẹ tún iye yẹn wò: owó ipò kìíní, ipò kejì àti ipò kẹta gan-an ni. Ó fẹ́ gba owó ẹni tó borí láìtíì borí, kí ó sì fún yín ní £100 tí kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ yín mọ́.

Ọ̀nà tó kéré jù tó bọ́gbọ́n mu ni pé kí oníkálukú kọ́kọ́ mú £100 rẹ̀, kí ẹ wá fi ìwọ̀n ṣíìpù pín £200 tó ṣẹ́kù. Ìyẹn á fún un ní £200, ẹnì kejì £160, ẹ̀yin £140. Bí ẹ bá lo ICM, nǹkan bí £192, £164 àti £144 ni. Nítorí náà, £144 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, £140 kò sì burú bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Bí ó bá di pé ó ku ẹni méjì, kò sí àríyànjiyàn mọ́, nítorí pé oníkálukú ti ní £150, £100 tó kù ni ẹ ń dù, ọ̀nà méjèèjì á sì mú iye kan náà jáde.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi òṣìṣẹ́ tó ń darí ìdíje bóyá kàsínò yín gbà á láàyè. Ibòmíràn wà tí wọn kì í fọwọ́ sí i, tí wọ́n á san owó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí yóò wá ku bí ẹni tó gba £250 yóò ṣe fún àwọn yòókù ní tiwọn nígbà tí ẹ bá ti jáde síta.