Kí lojú yín ti rí nídìí fídíò tí ẹ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Aránṣọ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ ká sọ ìrírí wa lórí fídíò: kí ló mú káwọn èèyàn rí tiyín, kí ló sì fẹ́ẹ̀ da iṣẹ́ yín rú? Èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ tèmi.

Aṣọ rírán ni mò ń kọ́ni lórí YouTube. Ibì kan wà nínú YouTube Studio tó ń fi ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn tẹ̀ hàn, ìyẹn ohun tí wọ́n ń wá kí wọ́n tó bá fídíò yín pàdé. Ibẹ̀ lojú mi ti là. Mo ṣe fídíò kan lórí bí a ṣe ń fi síìpù sí aṣọ. Ẹ wá wo ohun táwọn èèyàn ń tẹ̀: síìpù há, síìpù ò pa dé mọ́, síìpù já. Kò sẹ́ni tó ń wá ẹ̀kọ́ nínú wọn, wàhálà ló lé wọn wá! Mo bá ṣe òmíràn fún síìpù tó há. Ọwọ́ mi àti síìpù náà lẹ máa kọ́kọ́ rí. Kò sí "ẹ káàbọ̀ sórí ìkànnì mi", kò sí orin. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ gan-an ni mo fi ṣe àkọlé. Òun ló wá ń fa èèyàn wọlé jù nínú gbogbo èyí tí mo ti ṣe, àwọn tó bá sì wò ó tán máa ń yà sọ́dọ̀ ti àkọ́kọ́.

YouTube fàyè gba lẹ́tà 100 fún àkọlé, ṣùgbọ́n fóònù kì í fi gbogbo rẹ̀ hàn, nítorí náà ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó ni mo máa ń fi ṣíwájú. Àwọn tó ń fi Yorùbá wá nǹkan kì í sì í sábà fi àmì sí i. Èmi ń fi àmì sí àkọlé mi, n ò lè kọ èdè mi níhòòhò. Inú àpèjúwe ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà láìfi àmì sí i.

Olóòtú:
Aránṣọ, ẹ ṣeun. Gígé àti títo fídíò fún èèyàn niṣẹ́ tèmi, orí fáìlì sì ni wàhálà tèmi máa ń wà. Oníbàárà á fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, á ní kí n bá òun jẹ́ kó mọ́lẹ̀. Ohun tí WhatsApp bá ti fún pọ̀, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Irun orí èèyàn á ti di àbàwọ́n dúdú kan ṣoṣo, lẹ́tà ara ògiri ò ní ṣeé kà mọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, ó ń gba fáìlì tó tó 2GB, bí ẹ bá ṣe fi í sílẹ̀ ló ṣe máa dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Fáìlì MP4 ni mo máa ń gbé jáde, H.264 ni ọ̀nà tí mo fi ń fún àwòrán pọ̀, AAC ni ti ohùn. Fún 1080p, ìyẹn HD kíkún, tó ń lọ ní frame 30 (àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), YouTube dámọ̀ràn 8 megabit fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bit 8 ló wà nínú byte kan, nítorí náà megabyte 1 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fídíò ìṣẹ́jú 10 á tó 600MB. Oníbàárà kan gbé ìṣẹ́jú 10 wá, 40MB, ó ní HD ni. HD lórúkọ lásán!

Èyí tó tún máa ń da orí èèyàn rú ni ohùn tí kò bá ẹnu lọ. Ẹnu ti pa dé, ọ̀rọ̀ ṣì ń jáde. Ọ̀pọ̀ fóònù kì í ya frame ní iye kan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, sọ́fítíwíà tí a fi ń gé e ò sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ gbé e gba inú HandBrake, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń yí fídíò padà, màá yan Constant Framerate kí iye frame má bàa yí padà mọ́, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ̀gbọ́n Adití:
Àbúrò mi ò gbọ́ràn, torí tiẹ̀ ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò mi. Èyí tí ẹ̀rọ kọ fúnra rẹ̀ máa ń pa á lẹ́rìn-ín, nítorí náà mo ń fọwọ́ kọ SRT, ìyẹn fáìlì tí ọ̀rọ̀ abẹ́ fídíò àti àkókò rẹ̀ máa ń wà. Kò le rárá, Notepad tó o. Bó ṣe rí nìyí:

1
00:00:01,000 --> 00:00:04,000
Ẹ di abẹ́rẹ́ mú báyìí.

Nọ́ńbà, àkókò, ọ̀rọ̀, kí ẹ fi ìlà kan sílẹ̀ lófìfo, ó kan ìkejì. Kọ́mà ló ń ya ìṣẹ́jú àáyá sọ́tọ̀ kúrò lára ìdá rẹ̀ nínú SRT. Bí ìkànnì bá ní VTT lòun fẹ́, ìyẹn irú fáìlì míì fún iṣẹ́ kan náà, àmì ìdánudúró ló ń lọ síbẹ̀. UTF-8, ìyẹn ọ̀nà ìpamọ́ tó mọ àmì Yorùbá, ni kí ẹ fi í pa mọ́ sí o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹ́ àti ọ̀ yín á di àmì ìbéèrè. Àbúrò mi nìkan ni mo ń rò, àṣé àwọn tó ń wò ó láìṣí ohùn pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Màámú:
Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbowó lọ́wọ́ yín nítorí tag, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń so mọ́ fídíò káwọn èèyàn lè rí i. Ẹnì kan gbowó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, ó ní òun á gbé fídíò rẹ̀ sípò kìíní, ló bá to tag jánganjàngan sínú àpèjúwe, títí kan orúkọ àwọn gbajúmọ̀ tí kò sí nínú fídíò. YouTube yọ fídíò náà kúrò. Àwọn fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ipa tag kéré, àfi bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ èyí táwọn èèyàn máa ń ṣì kọ.

Olùkọ́ Ìṣirò:
Fídíò gígùn ni tèmi, orí tí mo ń pín in sí ló gbà mí. Inú àpèjúwe ni mo ti ń kọ àkókò tí orí kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Àkókò àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ 00:00, wọn ò gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́ta, ìkọ̀ọ̀kan ò sì gbọ́dọ̀ dín ní ìṣẹ́jú àáyá 10. Ìbéèrè táwọn ọmọ ń bi mí ni mo fi ń sọ orí lórúkọ. Ní ti thumbnail, ìyẹn àwòrán tó dúró fún fídíò, píksẹ́lì 1280 sí 720 ni mo ń lò, ẹ má fi nǹkan kan sí igun ọ̀tún nísàlẹ̀, àkókò fídíò ló máa bò ó.

Aránṣọ:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Olóòtú, bí mo bá fi fídíò sí wẹ́ẹ̀bù tèmi ńkọ́? Mo kọ àlàyé gígùn, mo wá ki fídíò bọ àárín, Google ò fi hàn láàárín àwọn fídíò.

Olóòtú:
Láti December 2023, ojúewé tó jẹ́ pé fídíò gan-an ni olórí ohun tó wà níbẹ̀ ni Google ń kó síbẹ̀. Ẹ fún ìkọ̀ọ̀kan ní ojúewé tirẹ̀, kí fídíò wà lókè, kí àlàyé tẹ̀ lé e. Kí ẹni tó ń bójú tó wẹ́ẹ̀bù yín wá fi VideoObject sí i, ìyẹn kóòdù tó ń ṣàlàyé fídíò fún Google: orúkọ, líǹkì thumbnail, ọjọ́ tí ẹ gbé e síta. Mẹ́ta yẹn ni Google kà sí dandan.