Ta ni kò lọ́kàn nínú Kingdom Hearts?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, ọwọ́ mi ni kò dilẹ̀. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: àbúrò wa kan ń sọ ìtàn inú Kingdom Hearts ní Yorùbá fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ní kí a bá òun wá orúkọ fún àwọn ẹ̀dá dúdú tí géèmù náà ń pè ní Heartless. Òun fúnra rẹ̀ mú "ọ̀dájú" wá. Ẹ̀gbọ́n wa tó máa ń bá wa tún àmì ohùn ṣe ní "aláìlọ́kàn" ló tọ́, nítorí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì sọ gan-an nìyẹn. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àgbà, n kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú "ọ̀dájú" kúrò lọ́nà. Ọ̀dájú mọ ohun tó ń ṣe. Ó rí omi lójú ẹni, ó ní kò kan òun. Àwọn Heartless kò mọ nǹkan kan. Bí kòkòrò ṣe ń wọ́ tẹ̀ lé iná àtùpà ni wọ́n ń wọ́ tẹ̀ lé ọkàn ọmọ aráyé. Ẹ̀rí mi wà ní Hollow Bastion, ilé olódi kan nínú géèmù náà. Sora, ọmọkùnrin tí à ń fi ṣeré, gún ara rẹ̀ láyà kí ọkàn Kairi ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó fara pamọ́ sínú rẹ̀, lè jáde, lòun náà bá di Heartless: ó kéré, ó dú bíi kóró iṣin, ojú rẹ̀ ń tàn yẹ́lò. Ìwọ tó di pádì mú lò ń darí rẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wá Kairi lọ ni, àti Donald àti Goofy tí wọ́n jọ ń jà, nígbà tó sì bá wọn, Donald là á lórí. Ọ̀dájú wo ló ń wá ọ̀rẹ́ kiri kí wọ́n lè rí orí òun là? Kairi ló dá a mọ̀, tó dì mọ́ ọn, tó fi padà di èèyàn.

"Aláìlọ́kàn" wá ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n, ó dùn létí, ìtàn náà ló takò ó. Ọkàn tí òkùnkùn gbé mì ló ń di Heartless. Nígbà tí apá kejì jáde ní 2005, wọ́n tún wá là á yé wa pé bí ọkàn ẹni tó lágbára bá lọ báyìí, ara tó fi sílẹ̀ lè dìde kó máa rìn kiri. Nobody ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹ wá wò ó: èyí tí wọ́n pè ní aláìlọ́kàn, ọkàn gan-an ni, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń dún bí ẹni tí kò lára, ara àti ẹ̀mí ló kù fún un, ọkàn ni kò ní. Àwọn ará Japan tó ṣe géèmù náà ló fi Gẹ̀ẹ́sì sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń tú Gẹ̀ẹ́sì wọn ní hóró-hóró, òdì la ó máa gbọ́ ìtàn náà.

Ohun tí mo gbé wá nìyí. Ilẹ̀ a máa ṣú, ojú ọ̀run a máa ṣú. Ọkàn tó ṣú, ẹ jẹ́ ká pè é ní Ọkànṣú. Nobody ni kó máa jẹ́ Ìkarahun. A máa ń sọ pé bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun rẹ̀ a tẹ̀ lé e. Níbí, ìgbín ti lọ, ìkarahun ló ń dá rìn. Mo sì fẹ́ orúkọ tó máa bá ìtàn náà dé òpin, torí wọ́n fọ́n ọn ká sórí ẹ̀rọ bí ẹni fọ́n àgbàdo fádìyẹ: Game Boy Advance ní 2004, DS ní 2009, PSP ní 2010, 3DS ní 2012, apá kẹta kò sì dé títí di 2019. Nígbà náà, ẹni tó bá ní PlayStation nìkan, àárín ọ̀rọ̀ ló ń bá wọn.

Ẹnì kan béèrè ìdí tí a kò fi lo àyà tàbí inú. "Aláìláyà" á sọ wọ́n di ojo lásán. Inú súnmọ́ ọn, ibẹ̀ ni ayọ̀ àti ìbínú wa ń gbé. Ṣùgbọ́n ọkàn la fi ń tán ni, ohun tó sì gbé Sora dé ibi tó dé ni pé ó fọkàn tán ọ̀rẹ́. Kokoro ni àwọn ará Japan ń pè é, ó kó ọkàn, inú àti èrò pọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ẹ̀rín pa mí. Kòkòrò rèé, tí Ọkànṣú kékeré sì ní ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lórí bíi ti kòkòrò. Kọ́kọ́rọ́ rèé, òun ni Sora fi ń jà! Èèṣì ni o, kí ẹnikẹ́ni má lọ kọ̀wé pé Odùduwà gba Japan kọjá. (Ohun ìjà yẹn, idà oníkọ́kọ́rọ́ ni. N kò rò pé ó gba àríyànjiyàn.)

Ó ku orúkọ fún irú géèmù tó kó ẹ̀dá ìtàn láti ilé oríṣiríṣi pọ̀. Ó jọ pé ẹ ti fẹ́ gba "eré àmúlùmálà". Ẹ dákun. Ẹ̀sìn àmúlùmálà, èdè àmúlùmálà: ibi tí a bá ti gbọ́ ọ, àbùkù ló máa ń tẹ̀ lé e. Eré àdàlù ni tèmi. Ẹ ṣí ìkòkò àdàlù wò: ẹ̀wà ti rọ̀, epo ti bo gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ hóró àgbàdo wà lódindi, eyín á bá a. Bí Square, ilé iṣẹ́ géèmù Japan, àti Disney ṣe sè é ní 2002 nìyẹn. Aladdin ṣì ni Aladdin. Nínú omi Atlantica, ayé abẹ́ òkun inú géèmù náà, ìdajì ìsàlẹ̀ Donald di ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, ìbínú rẹ̀ kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì rántí wò mí sàn lásìkò.

Àti ẹ̀yin tí ẹ ní ká pe géèmù ní "eré ìgbafẹ́", ẹ kò tíì bá Riku jà, ọ̀rẹ́ Sora tó di ọ̀tá rẹ̀. Ilé géèmù kan ládùúgbò wa ni mo ti gbá a, ìṣẹ́jú 30 ni wọ́n fi ń gbowó. Ìran gígùn kan wà ṣáájú ìjà yẹn, kò sì sí bọ́tìnì tí o lè fi fò ó nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́. Èyí tó bọ́ sórí PlayStation 3 ní 2013 ló gbà wá. Riku nà mí. Mo tún wo ìran. Kàmẹ́rà tí a ń fi L2 àti R2 yí kọjú sí ògiri, ó tún nà mí. Nígbà kẹrin, mo ti mọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sórí, agbowó sì ti dúró lẹ́yìn mi. Ibẹ̀ niná lọ. N kò sì lè fi eré pamọ́ láàárín ìjà.

Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì. Níbo lèèyàn tún ti fẹ́ rí Cloud, akọni géèmù Final Fantasy VII, nínú pápá ìjà Hercules ti Disney?

N kò wá orúkọ fún ọkọ̀ Gummi tí wọ́n fi ń ti ayé kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó bá ti wà á rí mọ̀ pé kò yẹ lẹ́ni tí à ń sọ lórúkọ.