Ẹ sọ ìrírí yín: abẹ́rẹ́, òwú àti ewé ẹ̀yìnkùlé

Ìyá Ìbejì, Ìbarà

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n kọ ìrírí mi sílẹ̀, bí mo ṣe ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán àwòrán ewé sára aṣọ, ó ti dé.

Láti ìgbà táwọn ìbejì ti lọ sí Kánádà ni oorun kò ti kùn mí mọ́. Aago méjì òru, fóònù lọ́wọ́, mò ń wò bóyá wọ́n ti wọlé sórí WhatsApp. Dókítà fún mi lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ń lò ó títí dòní (kẹ́nikẹ́ni má torí aṣọ rírán pa oògùn tì o, mo bẹ̀ yín). Ṣùgbọ́n oògùn kì í gba fóònù lọ́wọ́ èèyàn.

Aládìrẹ ni ìyá mi ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Àbúrò wọn ló ní kí n wá nǹkan fọwọ́ ṣe. Mo bá wá aṣọ funfun kan àti òwú aláwọ̀ ewé, mo ní ewé ẹ̀gẹ́ ni màá rán sí i. Ẹ̀gẹ́ ló tọ́ mi. Láfún ni ìyá mi fi ń se ẹ̀kọ tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ yà sára aṣọ kí wọ́n tó pa á láró, ewé ẹ̀gẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ń yà.

Láti orí ni mo ti yà á, n kò wo ewé kankan: ewé oníka mẹ́fà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rán an. Àbúrò ìyá mi wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gẹ́ oko ta nìyí?"

Mo jáde sẹ́yìnkùlé. Mo já ewé kan, mo kà á: méje. Mo já òmíràn: márùn-ún. Òmíràn, méje. Mo ti pé ọdún 59, láti kékeré ni mo ti ń bó ẹ̀gẹ́, n kò wo ewé rẹ̀ dáadáa rí! Àwọ̀ ẹ̀yìn ewé kò dúdú tó ti iwájú, ọ̀pá rẹ̀ pupa bí ẹni fi osùn kùn ún.

Mo tú gbogbo rẹ̀, mo gbé ewé gan-an lé itan, mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Abẹ́rẹ́ wọlé, mo wo ewé; ó jáde, mo wo ewé. Bí ọkàn mi bá ti fò lọ Kánádà, òwú á ta kókó, abẹ́rẹ́ á gún mi níka, màá sì padà wálé kíákíá. Lọ́jọ́ kan mo gbójú sókè, wọ́n ti ń pe ìrun Àsárì. Fóònù ti kú láti àárọ̀, n kò mọ̀.

Ní adìrẹ alábẹ́rẹ́, ìyá mi á rán aṣọ pinpin, wọ́n á pa á láró, wọ́n á wá tú gbogbo òwú náà dànù. Tèmi, òwú ló kù. Wọn ì bá ní mo ń fi owó òwú ṣòfò.

Bàbá Télọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀rọ ni mo fi ń ṣe ọrùn agbádá, ìyẹn towó. Lọ́jọ́ Àìkú mo máa ń mú abẹ́rẹ́ ọwọ́ lọ sẹ́bàá àpáta Olúmọ, mò ń rán akọ aláǹgbá olórí pupa. Kì í dúró jẹ́ẹ́, ẹ ó kàn máa wò ó. Wàhálà ibẹ̀ làwọn àlejò: "Bàbá, èló ni?" Mo ní kì í ṣe títà. Ọ̀kan bínú sí mi gan-an.

Ọmọ Ìtòkú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìsinmi. Òwú pupa tí mo fi rán òdòdó panṣẹ́kẹ́ ṣí nígbà tí mo fọ̀ ọ́, gbogbo aṣọ di pínńkì. Mo sunkún. Òwú mi sì ń ta kókó ṣáá.

Ìyá Ìbejì, Ìbarà

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Òwú pupa, kọ́kọ́ fi omi tútù fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́. Fọ́nrán mẹ́fà ni wọ́n kó pọ̀ nínú òwú yẹn. Fa méjì yọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Má jẹ́ kó gùn ju láti orí ìka ẹ dé ìgbọ̀nwọ́. Tó bá ti ń lọ́, jù ú sílẹ̀, jẹ́ kí abẹ́rẹ́ so rọ̀, á fúnra rẹ̀ tú.